Ojú-Ìwé Ẹja Nínú Ìwé Ìwọ̀n Mi

Láàárín ìwọ̀n àyà Ìyá Adétúlà
àti ṣòkòtò ilé-ìwé ọmọ Akíngbàso,
ojú-ìwé kan wà tí kò ní èjìká, tí kò ní ìbàdí:
orí dé ìrù nìkan ni mo kọ síbẹ̀.
Oṣù kìíní, íǹṣì méjì.
Bírò ni mo fi kọ ọ́. Mo rò pé mi ò ní í pa á rẹ́.

Ọmọkùnrin tó tà á fún mi lọ́nà Ìjọ̀kà
dì í sínú ọ̀rá omi, ó so ọ́ lẹ́nu.
Ó ní, "Àǹtí, bí ilé rẹ̀ bá ṣe mọ ni òun náà á mọ.
Ẹ fi í sí kékeré, kékeré ni yóò wà."
Mo gbà á gbọ́. Ta ni kò ní gbà á gbọ́?
Ẹja àrọ̀ tí kò ju ìka mi lọ,
irùngbọ̀n rẹ̀ bí òwú tí a fi eyín já,
ẹ̀yìn dúdú, ikùn funfun,
ìrù pupa bí ata tó já sómi.
Mo gbé e sójú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù
kí ọmọ oníbàárà lè rí nǹkan wò
nígbà tí ìyá rẹ̀ bá ń bá mi dúnàádúrà.

Oṣù kẹta, íǹṣì mẹ́fà.
Oṣù keje, mo na téèpù mọ́ ara gíláàsì:
imú rẹ̀ kan igun ọ̀tún, ìrù rẹ̀ ká sí tòsì
bí ẹni tó sùn sórí bẹ́ǹṣì ilé ìwòsàn.
Ẹja wẹ́wẹ́ mẹ́rin tí wọ́n jọ ń gbé, mi ò rí wọn mọ́.
Mo bi í léèrè. Ó mi irùngbọ̀n.

Mo ra gíláàsì ńlá. Ọdún kò yí po
tí mo fi ní kí Ọlátẹ́jú púlọ́ńbà gé orí táǹkì omi wa dànù.
Àwa wá ń pọn omi kànga, ẹja ń gbé inú táǹkì.
Bàbá onílé dúró tì í, ó gbé itọ́ mì:
"Ẹran wo ló ń jẹ owó báyìí tí a kì í jẹ ẹ́?"

Ọ̀gbẹ́ni Ògúnmọ́lásùyì, tó ń kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ ẹja ní yunifásítì,
ló mú ṣòkòtò wá kí n bá a dín ìdí rẹ̀ kù.
Ó rí táǹkì. Ó rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà kò rẹ́rìn-ín mọ́.
"Ta ló sọ fún yín pé gíláàsì ló bí ẹja?
Bí ìyá rẹ̀ ti gùn ni yóò gùn.
Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta, nígbà mìíràn mẹ́rin;
bí ẹ bá gbé e nàró, á ga ju ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ.
Ibi tó há kì í dá a dúró. Eegun ẹ̀yìn rẹ̀ ló máa ń wọ́."
Mo ní kí n kúkú lọ dà á sí Odò Àlà.
Ó di ọwọ́ mi mú: "Odò Àlà kò mọ̀ ọ́n.
Kò sí ọmọ ẹja tó máa kù níbẹ̀."

Èmi tó yẹ kí n ti mọ̀.
Ogún ọdún ni mo fi ń bẹ àwọn ìyá pé
ẹ jẹ́ kí n ṣẹ́ etí ṣòkòtò yìí ní ìlọ́po méjì, ọmọ ń bọ̀ wá ga;
wọ́n á ní rárá, kó ṣáà bá a mu lónìí.
Kí sáà kẹta tó parí, ọrùn ẹsẹ̀ ti yọ síta,
aránṣọ ni wọ́n á sì máa bú.
Mi ò rí aṣọ tó fún tó dá ọmọ dúró rí.
Aṣọ ló ń ya.
Gíláàsì kì í ya.

Àná ni wọ́n wá gbé e, ọkùnrin mẹ́ta pẹ̀lú tapólì tútù,
lọ sí adágún oníbíríkì tí kò já sí odò kankan.
Mo ní kí wọ́n dúró ná. Mo yọ téèpù lọ́rùn.
Íǹṣì méjìdínlógójì, ó sì ń jà.

Ó ku ìlà méje lójú-ìwé náà.
Mi ò fa ìlà sí i nídìí.