Bomubomu àti Pápásan

Lẹ́yìn òkè Sóbí, ìrì ò tíì gbẹ lórí koríko
tí Nímọ́tà fi nàka: "Bàámi, òun nìyẹn!"
Labalábá kan, pupa bí ọsàn tó pọ́n,
etí ìyẹ́ rẹ̀ dúdú bí ẹni lé tìróò,
ẹ̀kán funfun díẹ̀ ní ṣóńṣó apá.
Mo ní, "Rọra. Má tíì pe orúkọ rẹ̀."

Torí mo pè é lánàá, mo ṣì í pè.
Mo ti kọ ọ́ sínú ìwé, mo ti fàlà sí i nídìí,
kí n tó mọ̀ pé méjì ni wọ́n nínú aṣọ kan.

Ọ̀kan korò. Ẹyẹ tó bá gbé e mì yóò bì í,
kò ní sún mọ́ àwọ̀ yẹn mọ́.
Èkejì ò korò rárá,
aṣọ ẹni tó korò ló yá wọ̀.

Wọ́n ní ká ka àmì dúdú àárín ìyẹ́ ẹ̀yìn:
mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni ti akorò,
ẹyọ kan ni ti ayáṣọ.
Ta ni yóò ka nǹkan lára ohun tí kì í jókòó?

Ìyá Háwáwù ló là wá lójú, ní gáà,
níbi tó ti ń já bomubomu tó fẹ́ fi di wàrà.
Ó yí ewé kan padà:
kòkòrò abilà, funfun, dúdú, ìyeyè, ó ń jẹun lọ.
"Ọmọ labalábá yín nìyí.
Ewé tó bá wà lórí rẹ̀, n kì í já a.
Ṣé wàrà tèmi nìkan ni Ọlọ́run dá a fún ni?"
Èkejì ńkọ́?
"Ẹ wolẹ̀."

A padà. Nímọ́tà dojú bolẹ̀ nínú koríko.
Pupa kan fò kọjá bomubomu, kò tilẹ̀ wò ó,
ó bà sórí pápásan lẹ́bàá ọ̀nà màlúù,
ó tẹ ìdí mọ́ abẹ́ ewé,
ó yé ẹyin kan, ó lọ.
Ọkọ rẹ̀ ń ṣọ́nà lókè, ó dúdú,
òṣùpá funfun lápá ọ̀tún àti tòsì.
Aṣọ tọkọtaya ọ̀hún ò tilẹ̀ jọra!
Mo fi bírò pa orúkọ àná rẹ́.

Nígbà tá a délé, ìyá rẹ̀ ti ro iwájú ilé tán,
pápásan wà nínú òkìtì tó fẹ́ kó dànù.
Nímọ́tà lóṣòó tì í.
Ó ń yí ewé padà, lọ́kọ̀ọ̀kan,
oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀ ń tutù.