Na Na Ná Nà

Dókítà ti kọ ọ́ sínú fáìlì lọ́jọ́ kẹta:
"Obìnrin, ọdún mọ́kànléláàádọ́rin.
Apá ọ̀tún kò gbéra. Kò sọ̀rọ̀ mọ́."
Èmi tí mo ti fi ọdún mẹ́sàn-án ṣa ohùn Ṣábẹ̀ẹ́
bí ẹni ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà,
mo dúró lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì ìyá mi,
ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ nínú àpò,
ojú ń tì mí láti tẹ̀ ẹ́.

Bọ́nífásì ẹ̀gbọ́n mi kò tètè dé.
Ó wà lẹ́yìn òkè, lábẹ́ àpáta,
pẹ̀lú àpótí rẹ̀ tó ń ka mùónì.
Àwọn ará àdúgbò ní wúrà ló ń wá.
Kì í ṣe wúrà.
Ohun kan ń já bọ́ láti ibi tí ìtànṣán ti ń kọlu afẹ́fẹ́,
ojú kò lè rí i,
ẹ̀mí rẹ̀ kò tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá,
síbẹ̀ ó ń sáré dé ilẹ̀ kó tó kú.
Ó ń gba inú páànù kọjá, ó ń gba inú agbárí wa,
kò kágò, kò bọ́ bàtà.
Àpáta nìkan ló ń gbé díẹ̀ mì nínú wọn.
Níbi tí wọ́n bá ti pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ,
ihò wà níbẹ̀.
Ihò ló ń wá: èyí tí ìyá ìyá Màmá sá wọ̀ nígbà ogun,
tí ẹnikẹ́ni kò mọ ẹnu rẹ̀ mọ́.

Lọ́jọ́ karùn-ún Màmá lanu.
"Na na ná nà."
Nọ́ọ̀sì ní ìráǹràn ni.
Ó tún un wí, "Na na ná nà,"
ó sì wò mí bí ẹni tó rán ọmọ níṣẹ́
tí ọmọ dúró tó ń ka eṣinṣin.

Re re mí dò.
Mo sáré gbé omi tútù wá. Ó mi orí.
Ata gígùn?
Ó fi ọwọ́ òsì lu bẹ́ẹ̀dì.
"Ẹja tútù?"
Ìdajì ẹnu rẹ̀ rẹ́rìn-ín.

Dókítà Agosú, ọmọ Àbọ̀mẹ̀,
kò gbọ́ ju ẹ kú àárọ̀ lọ nínú èdè wa.
Ó ní ẹ̀rí ńkọ́?
Mo kọjú sí ògiri. Ó ń fi àwòrán han Màmá,
Màmá ń pè é ní na-na, èmi ń méfò.
Nínú ogún, mo gba mẹ́rìnlá.
Ó fa ìlà pupa kọjá lórí "Kò sọ̀rọ̀ mọ́",
ó wá béèrè bóyá iyọ̀ wà nínú ẹja náà.

Bọ́nífásì dé lóru, eruku ọyẹ́ lójú rẹ̀.
Ó ní iṣẹ́ kan náà ni tèmi tirẹ̀:
ohun tó kọjá kì í dúró de ẹnikẹ́ni,
iná tó ṣẹ́jú lẹ́yìn rẹ̀ la ń kà.
Mo ní kó lọ wẹ̀.

Ọ̀kan ṣì kù nínú káyé mi.
Ìdájí ló máa ń wí i,
ojú rẹ̀ sí fèrèsé, fèrèsé sí òkè:
"Nà ná na. Nà ná na."
Mo ní òkúta. Rárá.
Mo ní ìlú wa. Rárá.
Mo ní ìyá mi. Ó dákẹ́ díẹ̀,
ó sì tún bẹ̀rẹ̀.
Bọ́nífásì ní orúkọ ihò náà ni, ó dá a lójú:
lálẹ́ àná àpótí ka ọ̀ọ́dúnrún ó lé méjìlá
lápá ìlà oòrùn, ó fi ogójì ju iye tó yẹ lọ.
Kò tó ẹ̀rí, mo ní.
Òun náà mọ̀ pé kò tó.

Màmá na ìka òsì sí àpò mi.
Mo tẹ̀ ẹ́.