Ohun Tó Wà Nínú Ẹyinjú Rẹ̀

Ní oríta Èrèjà, wọ́n gbé obìnrin kan kọ́ sókè,
orí rẹ̀ ga ju òrùlé báńkì lọ.
Àtùpà lọ́wọ́ rẹ̀, òru lẹ́yìn rẹ̀,
síbẹ̀ o lè ka irun ìpéǹpéjú rẹ̀ ní ẹyọ ẹyọ.
Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sí àyà rẹ̀ pé:
“Fóònù yìí la fi yà á. Òru di ọ̀sán.”

Oṣù méje ni mo fi ń kọjá lábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀,
ẹfun ìkọ̀wé lára aṣọ mi, ìwé àwọn ọmọ lápá mi.
Oṣù méje ni mo fi jẹ ọbẹ̀ tí kò lẹ́ran.
Ẹ̀gbọ́n mi wà ní Kánádà, ó ń bẹ̀ mí:
“Ya Yèyé fún mi. Ojú rẹ̀ ti ń ṣá lọ́kàn mi.”

Mo rà á ní ṣọ́ọ̀bù Fámúrewá, ọ̀nà Òṣogbo.
Alẹ́ ọjọ́ náà, iná lọ, inú mi dùn:
ṣebí òru ni wọ́n ní ó mọ̀ ọ́n yà?
Mo gbé Yèyé jókòó ti fìtílà,
mo tẹ̀ ẹ́, ó dún kẹ́.

Ojú tó jáde ń dán bí abọ́ tánganran.
Pélé mẹ́ta ọ̀tún, kò sí.
Pélé mẹ́ta òsì, kò sí.
Àpá iná tó ti wà létí imú rẹ̀ kí wọ́n tó bí mi,
ẹ̀rọ ti pa á rẹ́, kò tilẹ̀ yágò.
Yèyé gbé e súnmọ́ ojú, ó dákẹ́ pẹ́.
“Ta lo yà yìí?”

A-wò-rántí ni mo mọ àwòrán sí.
A-wò-gbàgbé ni mo fi oṣù méje rà.

Ní ọjọ́ kẹta, Bọ́ládalẹ̀ tó ń kun pátákó
gun àkàbà rẹ̀ lọ sókè,
ó nàka sí ẹyinjú obìnrin náà.
Ẹ wò ó, ẹ̀yin èèyàn: nínú dúdú ojú rẹ̀,
kámẹ́rà ńlá kan dúró lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta,
ọkùnrin mẹ́rin gbé iná yí i ká.
Gbogbo wa fa fóònù yọ, a ya ẹ̀rí náà.
Gbogbo rẹ̀ jáde ní bàìbàì.
Ẹ̀rín kọ́kọ́ pa wá, kí inú tó bí wa.

Nísàlẹ̀ pátápátá, níbi tí ewúrẹ́ ń họ ara sí,
a rí lẹ́tà wínníwínní bí ẹyin èèrà:
“Àwòrán yìí wà fún àpẹẹrẹ nìkan.”

Ọmọ Òṣómàáló ni mí. Bàbá bàbá mi
ta aṣọ láwìn títí dé ilẹ̀ Tápà,
ó ṣó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí owó fi pé.
Mo ká ìró mi sókè, mo ṣó sẹ́nu ṣọ́ọ̀bù Fámúrewá.
Ó ní, “Tíṣà, ẹ dìde.” Mo ní ẹsẹ̀ ò ro mí.
Ó ní, “Èmi kọ́ ni mo ya obìnrin yẹn.” Òótọ́ ni.
Ó fi fóònù tirẹ̀ hàn mí, irú kan náà ni;
ọmọ tuntun rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín nínú rẹ̀,
àmì tí ọmọ náà gbé wáyé ní iwájú orí, kò sí níbẹ̀.
Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, òun náà wá ṣó tì mí.

Ọjọ́ kejì, a di mọ́kànlá.
Ọjọ́ karùn-ún, aṣojú ilé-iṣẹ́ ti Èkó dé,
ó ní ká kó fóònù wá lọ́la ká wá gbowó,
ká ti nu ohun inú rẹ̀ kúrò.
Kò bẹ̀ wá. Àwa náà kò dìde títí ó fi lọ.

Mo délé, mo gbé ìka lé e láti nù ún.
Yèyé di ọwọ́ mi mú.
“Má pa èyí rẹ́. Àyìnkẹ́ ni,
àbúrò mi tí Bàbá kò jẹ́ kí wọ́n kọ nílà.
Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ló wà tó fi kú.
Mi ò mọ̀ pé ó ti dàgbà tó báyìí.”