Ìwọ̀n Mẹ́jọ

Adágún ti dì láti oṣù kọkànlá.
Ọkọ̀ akẹ́rù ń gba orí omi kọjá bí ẹni gba títì.
Mo jókòó sí yàrá orin lẹ́yìn tí àwọn ọmọ lọ tán,
ìwé orin tuntun mọ́kànlá níwájú mi,
owó ọwọ́ mi kò sì lè ra ju mẹ́ta lọ.
Ọ̀gá Friesen kọ ọ́ sínú lẹ́tà, ó fa ìlà pupa sí i nídìí:
Mẹ́ta. Kí o má fi kún un.

Mo ka àwọn ọmọ bí ìyá tó ń ka abọ́ kó tó bu ọbẹ̀.
Afunfèrè mẹ́sàn-án, ọ̀rẹ́ ara wọn ni gbogbo wọn,
bí ọ̀kan bá ṣàìsàn, mẹ́ta ni kò ní wá.
Kílárínẹ́ẹ̀tì mẹ́rin, ọ̀kan ń han gooro bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo.
Kàkàkí márùn-ún tí kò mọ ohun tó ń jẹ́ jẹ́jẹ́.
Ìwo kan ṣoṣo, ọwọ́ Sigrún ló wà,
Sigrún tó ń bá bàbá rẹ̀ fa àwọ̀n ẹja lábẹ́ yìnyín;
bí ètè rẹ̀ bá bó, orin wa bó.
Ọmọ tó ń fun óbóò ti kó lọ sí Wínípẹ́ẹ̀gì.
Lẹ́yìn pátápátá, Orest, tòun ti túbà.

Orúkọ ń ro ọmọ, ó ń ro fèrè pẹ̀lú:
ọdún kẹta rèé tí túbà ń túúbá.
Bùm, sinmi. Bùm, sinmi.
Òun ni òpó tí àlejò kì í wò nínú ilé.
Mo bi í nígbà kan bóyá kò sú u.
Ó ní, “Rárá, Mà,” ó ń wo bàtà rẹ̀.

Wọ́n ya idà àti iná sí èèpo ìwé kìíní.
Mo gbọ́ ọ nínú ẹ̀rọ, ó dún bí òkè tó ń wó;
ọgọ́rin àgbà olórin ló wà nídìí rẹ̀.
N kò ní purọ́, ó wù mí. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo gbọ́ ọ.
Mo ti ń rí ara mi, ọ̀pá ìdarí lókè, àwọn òbí dìde...
Ìwo mẹ́rin ló béèrè. Ẹyọ kan ni Sigrún.
Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Mo tì í sápá kan,
kò jìnnà púpọ̀.
Ìkejì, orin tí a lù ní èṣí ni, wọ́n kàn pààrọ̀ orúkọ òkè.
Ìkẹta, mo gbàgbé rẹ̀ kó tó parí.
Ẹni tó kọ ìkẹrin kò tíì gbọ́ mímí ọmọdé rí:
ìwọ̀n mẹ́rìnlélógún, kò sí ibi tí a ti lè mí sínú.

Ìkeje ni mo fẹ́ sọ.
Obìnrin kan ló kọ ọ́, n kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí.
Ní ojú ewé kẹrin, gbogbo fèrè dákẹ́.
Kàkàkí dákẹ́. Àwọn onílù gan-an fi ọ̀pá sílẹ̀.
Mo rò pé ẹ̀rọ ti kú, mo nawọ́ sí i,
ni túbà bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀.
Ìwọ̀n mẹ́jọ péré,
bí àgbàlagbà tó dìde níbi ìpàdé
nígbà tí gbogbo èèyàn ti pariwo tán.

Ó gbówó lórí. Owó ìwé méjì ni mo fi rà á.
Bí Ọ̀gá Friesen bá bi mí, èmi náà yóò túúbá.

Lọ́jọ́ Ajé mo pín in.
Orest kà á, ó tún un kà,
ó gbé e wá bá mi nígbà tí agogo lù.
“Mà, ó jọ pé wọ́n ṣì í tẹ̀.
Wọ́n kọ ‘òun nìkan’ síbí.”
Mo ní wọn kò ṣì í tẹ̀.
Ó dúró díẹ̀. Lóde, yìnyín ń sán lórí adágún,
ìró jíjìn kan láti ìsàlẹ̀, tí àwa ará ibí kì í sábà tẹ́tí sí mọ́.

Lálẹ́ ọjọ́ náà ó gbé túbà lọ sílé, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn,
ó dì í mọ́ pákó tí àbúrò rẹ̀ fi ń yọ̀ lórí yìnyín,
ó ń fà á lọ ní ẹ̀gbẹ́ títì,
ó ń bojú wẹ̀yìn ní gbogbo ìgbà, kó má baà já bọ́.