Kó, Kó

Gbogbo alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ní Wínípẹ́ẹ̀gì,
tí yìnyín bá ti dì mọ́ fèrèsé mi,
mo máa ń tan kọ̀ǹpútà, mo ń kó ẹnu mẹ́ta sétí kan.

Òfin mi ò pọ̀:
bí o bá fẹ́ sọ̀rọ̀ bí ara rẹ,
kan tábìlì lẹ́ẹ̀mejì kí o tó lanu.
Bí n ò bá gbọ́ kó, kó,
ẹni inú eré ló ń sọ̀rọ̀.

Rodẹ́ẹ̀lì kì í rántí.
Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ìrẹsì mi ń jóná,"
ni Ìbídùn bá fa idà yọ:
"Ìrẹsì wo, ìwọ ọ̀dàlẹ̀?"
A rẹ́rìn-ín títí ìrẹsì fi di èédú.

Lánàá ni Ládéjọbí, tó ń dá gbé ní Kálígárì,
tó ń ṣe ìyá arúgbó tó ń ṣọ́ afárá,
rọra wí pé:
"Ó rẹ̀ mí. Ó di ọjọ́ mẹ́ta tẹ́nì kan ti pe orúkọ mi gbẹ̀yìn."

Ìbídùn bu omi fún ìyá. Rodẹ́ẹ̀lì da aṣọ bò ó.
Èmi di dáìsì mú, n ò lè jù ú.
Mo ń retí kó, kó.

Mo pa máíìkì àwọn tó kù.
"Ládé," mi ò pè é ní Ìyá Afárá,
"ṣé ìwọ ni?"

Ó pẹ́.

Kó.
Ẹ̀ẹ̀kan péré.