Bó Bá Lọ, Ṣé Á Bọ̀?

Lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù Orest, ní òpópónà Selkirk, nílùú Winnipeg,
tábìlì kan wà tí wọ́n tẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ sí.
Gìtá mẹ́ta dùbúlẹ̀ síbẹ̀ bí aláìsàn tó ń retí abẹ́rẹ́.
Òtútù ìta ti kọjá ọgbọ̀n nísàlẹ̀ òdo,
irun imú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ́.
Orest ò kí mi. Ó ní, "Fọlárànmí, tẹ apá yẹn wò."

Pupa ni tèmi, bí ata tí oòrùn ti ń ṣá.
Síkúrù mẹ́fà dì í mọ́ àyà,
sípíríǹgì mẹ́ta dì í mú lẹ́yìn.
Okùn ń fà síwájú, sípíríǹgì ń fà sẹ́yìn,
afárá léfòó láàárín wọn
bí ọmọ tí ìyá àti bàbá pè lẹ́ẹ̀kan náà.
Mo tẹ apá, ohùn sọ̀ kalẹ̀, ó ń mì bí ojú omi.
Ó dùn, mi ò ní purọ́.
Ṣùgbọ́n nígbà tí mo jọ̀wọ́ rẹ̀
okùn kẹta ò wọlé. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà.
"Egungun ọrùn ló fún un," Orest wí.
Ó mú pẹ́ńsùlù, ó fi ẹ̀dú rẹ̀ kun ihò tẹ́ẹ́rẹ́ náà
bí ẹni ń lé tìróò fún ọmọ ọwọ́.

Èkejì dúdú, irin rẹ̀ wúwo.
Wọ́n ti okùn pa lọ́rùn, wọ́n tún tì í pa nídìí,
àfi kọ́kọ́rọ́ onígun mẹ́fà.
Mo tẹ̀ ẹ́ títí gbogbo okùn fi dẹ̀ wọ̀ọ̀lọ̀ sórí igi.
Mo jọ̀wọ́ rẹ̀. Gẹ́lẹ́! Bí ẹni tí kò lọ síbì kankan.
Mo ní, "Eléyìí mà lọ̀gá o."
Orest rẹ́rìn-ín, ó mú píláyà, ó gé okùn kan. Pàá!
"Ta àwọn márùn-ún tó kù."
Gbogbo wọn ti gbéra sókè, kò sí èyí tó mọlé mọ́.

Mi ò fèsì.
Ọdún tí ìyá wa kú n'Ìjẹ̀bú-Igbó,
tí ìwé mi ṣì wà lọ́wọ́ ìjọba, tí mi ò lè lọ,
àwa márùn-ún ń pe ara wa lórí fóònù
kò sẹ́ni tó lè rọhùn sílẹ̀.

Ẹ̀kẹta, àwọ̀ oyin, ikùn rẹ̀ ṣófo.
Sípíríǹgì kan ṣoṣo, rólà kékeré lábẹ́ okùn.
"Arúgbó nìyẹn," Orest wí,
"kì í rìn ju géètì lọ, ló fi ń tètè dé."

Ó wá gbé pátákó pẹlẹbẹ kan, ó wọ̀n ọ́n sẹ́yìn pupa mi.
"Ṣé kí n dí i? Kò ní yẹ̀ láéláé."
Kò ní mì mọ́ náà nìyẹn.
Àwọn àgbà ní àjò kì í dùn kí onílé má relé,
wọn ò ní kéèyàn má ràjò.
Mo ní, "Fi sípíríǹgì kan kún un. Jẹ́ kó léfòó."

Mo gbé e kọ́ èjìká, mo jáde sínú yìnyín.
Kí bọ́ọ̀sì tó gbé mi dé ṣọ́ọ̀ṣì ní Transcona
okùn kẹta á tún ti yẹ̀.
Kó yẹ̀. Etí mi ṣì mọ ibẹ̀.