Orí Igi Irúgbá

Lọ́ẹ̀ẹ̀rùn, tí omi Ọbà bá fà,
orí igi irúgbá bàbá mi a yọ síta,
gbígbẹ, lékeléke ń yàgbẹ́ sí i lára.
Abẹ́ rẹ̀ la ti ń jẹun ọ̀sán
lásìkò tí a bá ń gbin ẹ̀bù.

Ìjọba ní ká wá gbowó gbà-má-bínú.
Oyèéṣínà fi tirẹ̀ ra kẹ̀kẹ́;
kẹ̀kẹ́ ọ̀hún ti dípẹtà.
Màmá ò gba kọ́bọ̀. Ó ní òun ò ta sàréè.

Ẹ̀rọ omi wà lẹ́yìnkùlé wa n'Ógbómọ̀ṣọ́:
a húkọ́ lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, a tún dákẹ́.

Lánàá mo ra kẹ́ẹ̀gì omi kan.
"Níbo lo ti pọn ọ́n?"
Ọmọ náà ní, "Dáàmù."
Mo gbé e sẹ́nu,
mo ń fi ahọ́n wá ebè wa.